Omi Ìfọwọ́ Nínú Àwo Ọbẹ̀

Ẹ̀bùnọlá kì í kọ́kọ́ rí ojú ọkọ rẹ̀ láàárọ̀, àwo ọbẹ̀ ọkọ rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ rí. Ọkọ a ṣì máa hanrun nínú yàrá, ṣùgbọ́n àwo tó fi jẹun alẹ́ àná a ti jókòó sórí tábìlì pálọ̀ bí àlejò tí kò mọ̀ pé ó tó àkókò láti máa lọ. Inú àwo yẹn ni Bàbá Jùwọ́n ti fọwọ́ nígbà tó jẹun tán. Ibẹ̀ ló tutọ́ eegun ẹja sí, ibẹ̀ náà ló ju igi ìtayín sí. Bí epo bá wá dì yí gbogbo rẹ̀ ká, tí èèrà sì kú sínú rẹ̀, kí ẹ wá wo ohun tí obìnrin tí kò tíì bu omi sójú yóò fọwọ́ gbé. Ó ń rí i lára. Ó ti ń rí i lára láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò sì tíì mọ́ ọn lára títí di òní.

Kì í ṣe pé kò sí abọ́ ìfọwọ́ nílé. Ó wà. Ẹ̀bùnọlá fúnra rẹ̀ ló ra abọ́ aláwọ̀ búlúù kan lọ́jà, ó sì máa ń gbé e tòun ti ọṣẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ nígbà gbogbo. Ọkọ rẹ̀ kò fọwọ́ kàn án rí. Ó ní inú àwo ni bàbá tó bí òun ń fọwọ́ sí títí ó fi kú, pé ọkùnrin tó bá jẹun tán tó tún ń wá abọ́ kiri, oúnjẹ yẹn kò tíì yó o ni. Ẹ gbọ́ àwáwí ọ̀bùn!

Bẹ́ẹ̀, ẹ dé ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Ìsinmi kí ẹ wá wo Ọ̀gbẹ́ni Ayọ̀rìndé, òṣìṣẹ́ ìjọba, olórí àwọn tó ń gba ọrẹ. Aṣọ rẹ̀ a funfun báláú, sítáàṣì a mú un lọ́rùn dúró ṣánṣán. Àwọn ìyá ìjọ a ní ọkùnrin tó mọ́ tónítóní nìyẹn, pé oríire ni ìyàwó rẹ̀ ṣe. Ẹ̀bùnọlá tó fọ aṣọ náà, tó po sítáàṣì, tó sì lọ̀ ọ́, a kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti gba kámú lórí ọkọ. Ẹni tó bá ń mi kùkùté, ara rẹ̀ ló ń mì, òun sì ti mi tirẹ̀ títí apá fi ń ro ó.

Ohun tí kò gba kámú lé lórí ni àwọn ọmọ. Méjì ló bí. Jùwọ́n ọkùnrin ni àgbà, ó ń múra ìdánwò àṣejáde ilé ìwé girama. Dùnmínínú ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, òun náà ń ṣe ìdánwò tirẹ̀ lọ́wọ́ láti bọ́ sí kíláàsì àwọn àgbà. Ẹ̀bùnọlá ti búra nínú ara rẹ̀ pé Jùwọ́n kò ní í fọwọ́ sínú àwo kó fi sílẹ̀ de ọmọ ọlọ́mọ láé, bẹ́ẹ̀ ni Dùnmínínú kò ní í gbé irú àwo bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìbúra yìí ló ń gbé e dìde láàárọ̀. Bó bá já sófo, a jẹ́ pé lásán ló ti ń gbé gbogbo àwo yẹn.

Ọjọ́ tí à ń wí yìí, Ọjọ́bọ̀ ni. Ẹ̀bùnọlá da omi àwo nù, ó gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ṣe ń dà á. Ó gbálẹ̀, ó gbé omi kaná fún ọkọ, ó ro ògì, ó dín àkàrà, ó sáré lọ aṣọ nítorí pé iná ṣèèṣì wà. Ọkọ jí, ó wẹ̀, ó fá irùngbọ̀n, ó sì fi irun náà sílẹ̀ nínú kọ́ọ̀pù tí wọ́n fi ń fọyín. Ó jókòó sójú oúnjẹ, ó ń bèèrè ìbọ̀sẹ̀ tó wà lórí bàtà rẹ̀ níwájú rẹ̀ gan-an.

Ìgèdè ni Ẹ̀bùnọlá ti ń ṣe tíṣà, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó dúró sẹ́bàá títì Ìyìn ní Basírì, ó wọ takisí, wọ́n há a mọ́ ojú fèrèsé lẹ́yìn awakọ̀. Kí wọ́n tó dé Ìyìn, awakọ̀ ha kẹ̀lẹ̀bẹ̀ bí ẹni pé láti inú bàtà rẹ̀ ló ti ń fà á bọ̀, ó tu ú síta, atẹ́gùn sì dá a padà sápá búláòsì Ẹ̀bùnọlá.

"Ẹ má bínú, Mà, atẹ́gùn ni," ni awakọ̀ wí. Kò tiẹ̀ yíjú.

Atẹ́gùn! Bí ẹni pé atẹ́gùn ló ni kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹ̀bùnọlá fi ìwé nu ún, ó sì ń nu ún náà títí wọ́n fi já a sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé.

Kò pẹ́ tí wọ́n kọrin wọlé ni ọmọ kékeré kan, Olúwafẹ́mi, bì sí i lẹ́sẹ̀. Ẹ̀wà àárọ̀ ni, òórùn rẹ̀ sì gba kíláàsì kan. Ẹ̀bùnọlá bu iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó gbá a, ó fọ ẹnu ọmọ náà, ó bọ́ ẹ̀wù rẹ̀ fún un, ó sì tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì. Títílọpẹ́, ọ̀dọ́mọbìnrin tó ń kọ́ kíláàsì kejì, tí ìgbéyàwó rẹ̀ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fi gèlè bo imú.

"Àǹtí, ṣé kò rí yín lára ni?"

"Èwo? Èyí?" Ẹ̀bùnọlá ń fọwọ́ lọ́wọ́. "Ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá, tó ń sunkún, tó ń bẹ̀ mí. Kí ló fẹ́ rí mi lára níbẹ̀? Ohun tó ń rí èèyàn lára ni ẹ̀gbin tí ẹni tí ara rẹ̀ le koko fi sílẹ̀ fún ọ, nítorí ó mọ̀ pé wàá kó o."

Títílọpẹ́ rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, tí tèmi náà bá wá lọ rí bẹ́ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìyẹn dọwọ́ ìyá tó tọ́ ọ. Èmi ti ń tọ́ tèmi ní tèmi. Ẹni tó bá fẹ́ Jùwọ́n mi, ó máa wá dọ̀bálẹ̀ kí mi, kò ní í kúnlẹ̀." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, Ẹ̀bùnọlá sì fi ọ̀rọ̀ yìí gbéra ga títí di ọ̀sán.

Nígbà tó délé, iṣu ló kọ́kọ́ bẹ. Ilé Ayọ̀rìndé kò mọ oúnjẹ alẹ́ míràn ju iyán lọ, kì í sì í ṣe ìyẹ̀fun inú páálí o. Iyán odó ni. Ní àṣálẹ́, Ẹ̀bùnọlá àti Dùnmínínú dojú kọ ara wọn lẹ́yìnkùlé, ọmọrí odó méjì, ọ̀kan ń lọ, ọ̀kan ń bọ̀. Ìdánwò ìṣirò ni Dùnmínínú máa ṣe lọ́jọ́ kejì. Ó ṣí ìwé sílẹ̀ lórí wíńdò, bí ìyá bá sì ti dúró yí iyán, ọmọ a na ọrùn kà á. Jùwọ́n wà ní pálọ̀ lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, wọ́n ń wo bọ́ọ̀lù. Ẹ̀bùnọlá gbọ́ ariwo wọn, inú rẹ̀ dùn pé ọmọ òun ń sinmi. Ìwé tó ń kà pọ̀.

Iyán náà dán, kò ní kókó kankan.

"Usu ulé wa rè é!" ni Bàbá Jùwọ́n fi yin iṣu ilé wọn nígbà tó gbé òkèlè àkọ́kọ́ mì. Bí iyán bá ti dùn tán ni Èkìtì inú rẹ̀ máa ń jáde.

Ẹ̀bùnọlá gbé omi tútù wá bá wọn, ohun tó sì rí dá a dúró sẹ́nu ìlẹ̀kùn. Jùwọ́n ti jẹun tán. Ó fi ìgúnpá ti abọ́ búlúù sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó da omi inú ife rẹ̀ sínú àwo ọbẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fọ̀ ọ́ dáadáa, ó fi àtàǹpàkò ha epo kúrò láàárín ìka. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀ síwájú, ó tutọ́ eegun sínú omi náà, pẹ́ẹ́. Kò gbójú kúrò lára tẹlifíṣọ̀n.

"Dùnmínínú! Wá kó àwo."

Ohùn bàbá rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹnu Jùwọ́n ló ti jáde. Dùnmínínú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìwé lé ẹsẹ̀ pa á dé, ó dìde.

Ẹ̀bùnọlá gbé omi tútù kalẹ̀. "Jókòó!" ló sọ fún ọmọbìnrin. Ó kọjú sí ọkùnrin. "Jùwọ́n, kí lo ṣe yẹn?"

"Kí ni mo ṣe, Mọ́mì?"

Ọkọ bú sẹ́rìn-ín. "Ìyá Jùwọ́n, fi ọmọ mi sílẹ̀ o jàre. Ohun tí ewúrẹ́ bá jẹ lọmọ rẹ̀ ń jẹ."

"Kì í ṣe ewúrẹ́ ni mo bí. Jùwọ́n, gbé àwo yẹn, máa bọ̀ nílé ìdáná."

Jùwọ́n tẹ̀ lé e. Ó ki ọwọ́ bọ inú omi tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ dọ̀tí, eegun kàn án níka, ó fà á yọ kíá, ojú rẹ̀ hunjọ. "Mọ́mì, ó ń rí mi lára."

"Ó ń rí ọ lára? Itọ́ tìrẹ! Ó dáa, ibẹ̀ gan-an ni kó o ti bẹ̀rẹ̀."

Ó fọ̀ ọ́. Nígbà tó dojú àwo náà dé tán ló wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kò sì sí àfojúdi kankan nínú ohùn rẹ̀. "Ṣùgbọ́n Mọ́mì, mo máa ń kó àwo tẹ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń gbà á lọ́wọ́ mi. Ẹ máa ń ní, 'Ọkọ mi, fi sílẹ̀, lọ kàwé rẹ, Dùnmínínú á kó o.'"

Òótọ́ ni. Ẹ̀bùnọlá rántí ọmọ kékeré tó di àwo mọ́ àyà wá bá òun nídìí iná, tí òun sì bi í pé, "Kí lò ń wá níbí, ṣé obìnrin ni ọ́ ni?" Ó rántí bó ṣe ń rẹ́rìn-ín lé e jáde. Àti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò; òun bomi rin tirẹ̀ ni. Ní gbogbo ìgbà tó ń bú ọkọ rẹ̀ nínú, òun ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ òmíràn. Ìríra tó ti ń bá àwo bọ̀ láti ọjọ́ yìí wá yí padà, ó kọjú sí òun alára.

Ó nu ọwọ́, ó padà sí pálọ̀. "Bàbá Jùwọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Láti òní lọ, ẹni tó bá jẹun nílé yìí ni yóò fọ àwo rẹ̀. Tiyín wà níwájú yín. N kò ní í gbé e."

Ọkọ gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè.

Lọ́jọ́ kejì, àwo náà wà lórí tábìlì, epo ti dì, èèrà ti dé. Ẹ̀bùnọlá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ṣe gbogbo iṣẹ́ àárọ̀ yòókù, ó gbàdúrà ìdánwò sórí Dùnmínínú, ó sì jáde fi àwo sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́, ẹ̀rù sì ń bà á. Ní gbogbo ọjọ́ náà ní Ìgèdè, kò ronú ohun mìíràn. Bóyá bàbá á fọ̀ ọ́. Bóyá Jùwọ́n á ro ti alẹ́ àná, á bá bàbá rẹ̀ fọ̀ ọ́. Ìyẹn náà tó ọpẹ́.

Nígbà tó délé, orí tábìlì ti mọ́ féfé. Ó yára wọ ilé ìdáná. Àwo Bàbá Jùwọ́n wà níbẹ̀ ní dídojúdé, ó ń dán. Jùwọ́n dúró nídìí omi, ó ń fọ àwo tó fi jẹun ọ̀sán.

"Ọmọ mi," ni Ẹ̀bùnọlá wí tayọ̀tayọ̀. "Ìwọ lo fọ ti Dádì?"

"Rárá o, Mọ́mì. Tèmi nìkan ni mo fọ̀."

Dùnmínínú wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, yínífọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, íǹkì wà níka rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú àbọ̀, Mọ́mì. Èmi ni mo bá yín fọ̀ ọ́. Lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti lọ ni, kí Dádì má bàa bá yín jà. Ó jẹ́ kí n pẹ́ díẹ̀ ni, wọ́n ti ń ṣe ìdánwò kí n tó wọlé, n kò sì ráyè ṣe gbogbo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n kò séwu, Mọ́mì."

Ó dúró síbẹ̀, ó ń retí kí ìyá òun dúpẹ́.

Ẹ̀bùnọlá gbé àwo náà sókè. Kò sí epo níbẹ̀, kò sí eegun, kò sí èèrà. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkọ, kò sí àwo tó tíì rí i lára tó bẹ́ẹ̀.