Ère Ìyá Àgbẹ̀bí Lẹ́yìn Ojú Irin

Ó kó ìka mẹ́ta jọ, ó rọra fà wọ́n láti ẹ̀bá imú lọ sí etí. Bẹ́ẹ̀ ni Ọmọ́títí Ọ̀ṣuntóyìn ṣe ń fi àbàjà ìyá rẹ̀ han àwọn ọlọ́kadà ní Ìfọ̀. Ère sìmẹ́ǹtì kan ló ń wá, tó ní irú ilà yẹn lójú. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ọ̀kan béèrè bóyá ère Màríà ti ṣọ́ọ̀ṣì Àgùdà ni. Òmíràn gbé e dé ìdí òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ní ohun tó ga ládùúgbò nìyẹn.

Aránṣọ ni Ọmọ́títí, ní Ìbàfò. Ìyá rẹ̀ ló gbẹ̀bí ọ̀pọ̀ ọmọ Ìfọ̀ nígbà tí ọsibítù ṣì jìnnà. Nígbà tó kú, tí àwọn ará àdúgbò fẹ́ mọ ère rẹ̀, wọ́n ní kí ẹbí mú fọ́tò wá. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wà, ọwọ́ Ọmọ́títí ló sì wà. Ọkọ rẹ̀ ń ṣàìsàn nígbà náà, kò ṣeé fi sílẹ̀, ló bá fi fọ́tò náà rán Gbémiga, àbúrò rẹ̀. Ìyàwó kékeré bàbá wọn ló bí Gbémiga. Ìyá Ọmọ́títí ló gbẹ̀bí rẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ère, Gbémiga pè é. Ó ní ó jọ wọ́n débi pé àwọn kan sunkún. Ọmọ́títí náà sunkún nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní kó ya fọ́tò ère náà ránṣẹ́. Gbémiga ní fóònù òun kì í ya fọ́tò dáadáa.

Ọkọ rẹ̀ ti kú báyìí. Ojú ìyá rẹ̀ sì ti ń pòórá mọ́ ọn lọ́kàn. Ó ku àbàjà yẹn nìkan. Ó fẹ́ rí ojú náà lẹ́ẹ̀kan sí i, ṣùgbọ́n Gbémiga ń sọ pé òun kò ráyè mú un lọ.

Fọganáísà kan ló mọ ibẹ̀ níkẹyìn. Ó mú un gba ẹ̀yìn àwọn mẹkáníìkì, wọ́n ré ojú irin kọjá, wọ́n wọ àlàfo kan láàárín ògiri méjì. Ère náà dúró níbẹ̀, ó gbé ọmọ dání. Ẹnì kan ti sá táwẹ̀lì sí apá rẹ̀. Wọ́n kọ MÀMÁ Ọ̀ṢUNTÓYÌN sídìí rẹ̀. Orúkọ tí wọ́n fi ń pe ìyàwó bàbá wọn méjèèjì nìyẹn.

Ọmọ́títí gbójú sókè. Pélé ló wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ère, mẹ́ta, ní òòró. Ìyá Gbémiga ni.

"Ẹ̀yin mọ̀ wọ́n?" Fọganáísà bi í.

Ó ní òun mọ̀ wọ́n.

"Wọ́n ní ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yọ, àwọn ni wọ́n yí mi padà. Orí kunkun mi ti wà láti inú. Ìyá mi tó mọ̀ wọ́n kò dúró rí ère yìí. Àmọ́ ọmọ wọn ọkùnrin, ọmọ rere ni. Ọdọọdún ló ń wá kùn wọ́n lọ́dà. Ó ní ìyá òun ló kọ́kọ́ gbé gbogbo wa."

Ọmọ́títí mú fóònù, ó pe Gbémiga.

"Gbémiga, ojú ta ni mo ń wò yìí?"

"Ẹ ti débẹ̀, Àǹtí mi."

"Mo ti débẹ̀."

"Ilé kan náà ṣá ni wá. Wọn ò kọ orúkọ ẹlòmíràn sí i."

"Ṣé o tiẹ̀ fi fọ́tò màmá mi han ẹni tó mọ ère náà?"

Tẹlifíṣọ̀n ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn Gbémiga.

"Fọ́tò náà dà?"

Ó ní àwọn ti kó kúrò ní ilé tí àwọn ń gbé ní Ajuwọ́n, ẹrù pọ̀, òun á wá a. Ó ní kí Àǹtí òun má bínú. Ó ń sọ̀rọ̀ lọ nígbà tí Ọmọ́títí pa fóònù.

Fọganáísà ti ká táwẹ̀lì kúrò. Ó ní kí Ọmọ́títí sún mọ́ ère, kí òun ya fọ́tò rẹ̀ pẹ̀lú wọn, torí ibẹ̀ ò rọrùn láti tún wá rí.

Ọmọ́títí dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kò sún mọ́ ère náà. Ó gbé báàgì kọ́ èjìká, ó ré ojú irin kọjá, ó ń lọ sí títì.