Ọ̀rá Búrẹ́dì Tí Ilẹ̀ Kò Jẹ

Lẹ́yìn ikú màmá mi, mo lọ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Oǹdó. Ibi tí ààtàn wa wà nígbà èwe mi ni mo yàn, torí ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú. Ewé mọ́ínmọ́ín, èèpo iṣu, eérú, gbogbo rẹ̀ ti di ilẹ̀. Àmọ́ ọkọ́ mi kọ́ ohun kan tó ń fà bí awọ. Ọ̀rá ni, wọ́n lẹ̀ mọ́ra wọn. Mo fọ ọ̀kan. Ọ̀rá búrẹ́dì tí màmá mi máa ń rà fún wa ká tó lọ sílé ìwé ni. Mo ṣì rí orúkọ tó wà lára rẹ̀ kà. Inú bí mi, bí ẹni pé ẹnì kan ti ń purọ́ fún mi láti kékeré.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà, ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù wa ṣèpàdé ní Ọ̀bà-Ilé, létí Àkúrẹ́, níbi tí mò ń gbé. Àgbàrá ti gbẹ́ kòtò ńlá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì wa. Alága ní típà yóò máa kó ìdọ̀tí ọjà wá dà síbẹ̀ títí yóò fi kún.

"A ó da yẹ̀pẹ̀ lé e," ló wí. "Kò ní pẹ́ jẹrà."

Mo gbé ọ̀rá náà sórí tábìlì. "Nígbà tí mo jẹ búrẹ́dì inú èyí, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ni. Mo ti ní ọmọ-ọmọ báyìí. Ẹ wò ó."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Alága ní, "Màmá, kó tó di wàhálà, àwa ti lọ."

"Àwọn ọmọ wa ńkọ́? Èmi ò gbà."

Wọ́n dìbò, wọ́n sì borí mi.

Láàárọ̀ Sátidé, mo gbé àga lọ síbi tí típà máa gbà, mo jókòó. Awakọ̀ fọn fèrè títí, ó wá sọ̀kalẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n rán mi ni."

"Mo mọ̀, ọmọ mi. Ìwọ kọ́ ni mò ń bá jà. Àmọ́ n kò ní dìde."

Alága dé, ojú rẹ̀ le. "Ẹ̀ ń dójú tì wá."

"Ẹ jẹ́ kójú tì wá."

Obìnrin tíṣà kan, ará Ìkàrẹ́, jáde láti ilé òdìkejì, ó gbé àga tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó jókòó. Nígbà tó fi di ọ̀sán, a ti di méje. Típà yí padà.

Mo mọ̀ pé ibòmíràn ló lọ dà á sí, ó sì ń dùn mí. Kòtò náà ṣì wà. Àpò yanrìn la fi ń dá àgbàrá dúró. Alága kì í kí mi mọ́. Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ kí i, kó má baà rò pé ẹ̀rù ń bà mí.