Àmì Idẹ Tó Wà Lókè Dígí

Onígbàjámọ̀ ni ọkọ mi, ẹnu rẹ̀ sì mú ju abẹ rẹ̀ lọ. "Onílùú" làwọn oníbàárà ń pè é, torí kò sí orí tó máa fá tí kò ní sọ fún pé ìdílé tòun ló ni ìlú látilẹ̀wá. Ó gbé àmì idẹ kan tí bàbá bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ kọ́ sókè dígí ṣọ́ọ̀bù. Ó ní àmì ọ̀gá ni, pé òun ni bàbá máa ń gbé kọ́rùn tó bá ń ṣọ́ àwọn àlejò tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi.

Nígbà tí ọmọ wa obìnrin wá ní ọmọ àlejò kan lòun fẹ́ fẹ́, ilé gbóná. "A ò mọ ibi tí wọ́n ti wá!" Ọ̀rọ̀ ọkọ mi nìyẹn láàárọ̀, òun nìyẹn lálẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó kọ etí ikún. Ọmọ ò jẹun mọ́. Ni ọkọ mi bá yọ idẹ sápò, ó kó wa lọ sí èbúté àtijọ́, kí ọmọ lè rí ìran tó fẹ́ tà lọ́pọ̀.

Èbúté ti di ibi táwọn èèyàn ń sanwó wò. Ọkùnrin tó ń mú wa yí ká ṣílẹ̀kùn gbọ̀ngàn kan tí ọ̀pá omi ẹ̀rọ tò sí lára ògiri. Yéè! Idẹ bíi tiwa ló kún ara pátákó níbẹ̀.

"Ọ̀gá mélòó ló wà níbí ná?" ni mo bi í.

"Ọ̀gá kẹ̀? Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni wọ́n ń fún, màmá. Àwọn òṣìṣẹ́ á gba aṣọ wọn, wọ́n á fi ooru pa ìdun ara ẹ̀, àwọn àlejò á wẹ̀. Tí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á dá àmì padà, wọ́n á gba aṣọ."

Ọkọ mi mú tiẹ̀ jáde. "Ẹni tí ò bá dá a padà ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé kò gba aṣọ ẹ̀ nìyẹn."

Orí mi dàrú. Aṣọ ta ni bàbá wọ̀ wọ̀lú? Láti ibo? Kí ló ń sá fún? Ọkọ mi wo ọkùnrin náà, ó wo òkun, ó tún wò mí bíi pé èmi ni mo jí ìran rẹ̀. Ó jáde, ó tún padà wọlé. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti ń wá kí ẹnu yẹn padé. Nígbà tó wá padé, àánú ẹ̀ ṣe mí.

Inú bọ́ọ̀sì la wà kó tó yíjú sí ọmọ. "Sọ fún ọmọkùnrin yẹn pé káwọn òbí ẹ̀ máa bọ̀ wá mọ̀ wá."

Ọmọ bú sẹ́kún, ó dì mọ́ ọn.

"Dúró ná," ni ọkọ mi wí. "Tí wọ́n bá bi mí níbi tí àwa ti wá ńkọ́? Kí ni kí n sọ?"