Ṣaworo Abẹ́ Ààtàn

Ọjọ́ tí Bọ̀ọ̀dá Ràímì gbé ẹ̀rọ tó ń wá irin wọ ẹ̀yìnkùlé wa lẹ́yìn Ọjà'ba ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láyé mi. Mo lóyún àkọ́bí mi nígbà náà, àmọ́ ọmọ kò tíì sọ nínú mi rárá. Màmá, ìyá bàbá mi, ni mo wá kí.

Ó dá Bọ̀ọ̀dá Ràímì, àbúrò bàbá mi, lójú pé bàbá wọn ri góòlù mọ́lẹ̀ kó tó kú. Ó ń gbé ẹ̀rọ náà káàkiri orí ààtàn, láàárín páànù tó ti dípẹtà àti agolo mílíìkì. Mo ń fi í rẹ́rìn-ín. Nígbà tó dé ìdí ògiri, ẹ̀rọ náà figbe ta, kò sì dákẹ́ mọ́.

"Ràímì, fi ibẹ̀ sílẹ̀!" Màmá pariwo láti ẹnu ọ̀nà.

"Màmá, góòlù yín ni mo fẹ́ bá yín hú."

Ó gbẹ́ ilẹ̀. Ṣaworo irin kékeré ló hú jáde, irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ àbíkú lẹ́sẹ̀. Ó mì ín, ó sì dún ketekete.

Màmá ní, "Ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo sin síbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bí i. Ìdí nìyẹn tí n kì í jẹ́ kí wọ́n kó pàǹtí ibẹ̀, kó má baà gbọ́ pé ọmọ tún ń bọ̀ nínú ilé." Ó yíjú sí mi. "Sìkírá, máa lọ. Má bojú wẹ̀yìn."

Mo ti dé Mápó, láàárín ariwo ọjà, kí n tó gbọ́ ọ. Ṣaworo náà tún dún. Ìgbà náà ni ọmọ kọ́kọ́ sọ nínú mi.