Ẹni Tó Ń Wá Ìyá Onírú Láti Àbíjáànì

Òórùn irú ló máa ń ta sí mi nímú bí mo bá rántí ọdún tí mo padà sílé ní Inísà. Mo ti kàwé gboyè, mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ tán, iṣẹ́ kò sì yọjú. Mo gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká mi ka orí tábìlì kan nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, nítòsí ibi tí ìyá àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ti ń ṣe irú wọn. Gbogbo ìlú ló mọ̀ wọ́n sí Ìyá Onírú. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ wọn gan-an mọ́, àfi ní ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ka orúkọ àwọn àgbà ìjọ.

Ìkànnì ayélujára kan ni mo dá sílẹ̀, tí mo ní yóò máa ròyìn ìlú mẹ́ta: Ìkìrun, Inísà àti Òkukù. Ẹ wo ọgbọ́n orí mi nígbà náà. Àròkọ gígùn ni mò ń kọ síbẹ̀, nípa ògo àwọn baba ńlá wa àti ọjọ́ ọ̀la àwọn ọ̀dọ́, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ńláńlá tí èmi fúnra mi ní láti kà lẹ́ẹ̀mejì kó tó yé mi. Bí mo bá gbé e síta tán, màá jókòó máa ṣọ́ bóyá ẹnìkan á wọlé wá kà á. Àwa tó ń wọlé ni èmi, àti ọ̀rẹ́ mi kan ní Òṣogbo tí mo máa ń bẹ̀ kó tó ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá mi, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, máa ń béèrè pé, “Àwọn èrò rẹ ńkọ́ lónìí?” Mo mọ̀ pé wọ́n ń fi mí ṣe ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mí wọra.

Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì náà ni mo ti rí ẹni tó là mí lójú. Obìnrin kan ni, ó ń kọ́ àwọn ènìyàn bí èrò ṣe ń ya wọ ìkànnì. Ó ní ohun tó wù wá láti sọ là ń kọ, a kì í wádìí ohun tí àwọn ènìyàn ń béèrè. Ẹni tó bá fẹ́ èrò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sínú ẹ̀rọ aṣàwárí, níbi tí gbogbo ayé ti ń fi fóònù wá nǹkan. Kó fi ọ̀rọ̀ náà gan-an ṣe àkọlé, kó sì dáhùn rẹ̀ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú. Ó júwe irinṣẹ́ tí mo lè fi wo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo jókòó tì í. Mo rò pé ògo àwọn baba ńlá ni màá bá níbẹ̀. Ohun tí mo bá ni ìgbà tí ọkọ̀ máa ń kúrò ní Ìkìrun lọ sí Òṣogbo, ọjọ́ ọjà Òkukù, àti iléèwé tó ń gba olùkọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ìbéèrè nípa òkú. Àwọn ọmọ wa tó wà ní ìdálẹ̀ fẹ́ mọ ẹni tó kú nílé, ìgbà tí wọn yóò sin ín, àti agboolé tó ti ṣẹlẹ̀. Ìdálẹ̀ yìí kì í ṣe Èkó nìkan. Láti ayé àwọn bàbá bàbá wa ni àwọn ará ọ̀dọ̀ wa ti ń lọ ṣòwò ní Àbíjáànì, orúkọ tí a fi ń pe gbogbo orílẹ̀-èdè náà, àwọn mìíràn kò sì padà mọ́.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gun ọ̀kadà kiri nìyẹn, láti ṣọ́ọ̀ṣì dé mọ́ṣáláṣí, mò ń gba ìkéde ìsìnkú jọ. Mò ń fi orúkọ ìlú àti orúkọ tí wọ́n fi mọ olóògbé ládùúgbò ṣe àkọlé, nítorí mo ti rí i pé ohun tí àwọn ènìyàn ń tẹ̀ nìyẹn. Kò pẹ́ tí èrò fi ń ya wọlé lóòótọ́. Inú mi ń dùn, mò ń fi òkú olókùú gbéra ga. Bàbá mi ní, “Gbogbo ìwé tí mo rán ẹ kà ló wá sọ ẹ́ di akéde òkú yìí?” Èrò ti dé, ìyẹn ló jẹ mí lógún.

Irinṣẹ́ mìíràn wà tó máa ń fi ọ̀rọ̀ tí àwọn àlejò tẹ̀ han oní-ìkànnì, á sì fi orílẹ̀-èdè tí wọ́n wà hàn, àmọ́ kì í sọ orúkọ wọn. Mò ń wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí i: ìsìnkú Ìyá Onírú Inísà. Àbíjáànì lọ́hùn-ún ló ti wá. Mo rò pé ojú mi ló ń tàn mí. Ìyá Onírú tí wọ́n ń wá ìsìnkú wọn ló wà níwájú mi yìí, tí wọ́n ń koná mọ́ ìkòkò. Mo padà wo ọ̀sẹ̀ tó kọjá àti èyí tó ṣáájú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà níbẹ̀. Ẹnìkan ń padà wá, ó ń béèrè bóyá ìyá àgbà mi ti kú. Ẹ̀rù bà mí.

Ẹnìkan ṣoṣo ni ilé wa ní ní Àbíjáànì: àbúrò bàbá mi tí ìyá mi ń pè ní Akọ̀wé. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, bó ti wù kí ọmọ náà kéré tó, nítorí náà ìyá mi fún un lórúkọ nígbà tó ṣì wà ní iléèwé, gbogbo wa sì gbà á lẹ́nu wọn. Akọ̀wé fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin kan ní Òkukù. Ìyá àgbà kọ̀ jálẹ̀, torí pé ọmọbìnrin náà ti sọ lójú ọjà rí pé irú wọn níyanrìn. Ó lè pa yín lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ obìnrin tó ń ṣe irú mọ̀ pé ó sàn kéèyàn bú u ju kó bú irú rẹ̀ lọ. Wọ́n sọ fún Akọ̀wé pé bó bá gbé ọmọbìnrin náà wọlé, kó má pe àwọn ní ìyá mọ́. Ọ̀rọ̀ ìbínú lásán ni. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Akọ̀wé mú ọmọbìnrin náà lọ sí Àbíjáànì, a ò sì gbúròó rẹ̀ mọ́. Láti ìgbà náà, àdúrà kan ni ìyá àgbà ń gbà láràárọ̀: kí Akọ̀wé wálé wá fọwọ́ ara rẹ̀ sin àwọn. Wọ́n á ní ẹni ọmọ sin ló bímọ. Bí bàbá mi bá ní, “Èmi ńkọ́, màmá?” wọ́n á ní ìyẹn ò kan tìẹ.

Mo pe bàbá mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fi ohun tí mo rí hàn wọ́n. Ìyá àgbà, tí etí wọn kì í gbọ́ agogo ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ́ orúkọ Akọ̀wé láti ìdí ààrò. Wọ́n ní kí n ka ohun tó kọ fún àwọn. Mo kà á.

“Òkú mi ló ń retí,” ni wọ́n wí. “Fún un.”

“Kí ni kí n fún un, màmá?”

“Kọ ọ́ síbẹ̀ pé mo ti kú. Kọ ọjọ́ tí ẹ máa sin mí. Á wá.”

Bàbá mi fò dìde. “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹnu ara yín pe ikú. Mi ò ní wà nínú ilé yìí kí wọ́n máa túfọ̀ ìyá mi láàyè.”

“Ṣé ìwọ ni wọ́n ní kó kú ni?”

Ọgbọ́n àtijọ́ ni wọ́n fẹ́ lò. Nígbà tó jẹ́ pé lẹ́tà là ń kọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà ṣe ń pe ọmọ tó bá sọnù sí ìdálẹ̀. Wọ́n á ránṣẹ́ sí i pé ìyá rẹ̀ ti kú, ọmọ á sáré délé, á bá ìyá tó ń jẹyán. Wọ́n á sunkún, wọ́n á rẹ́rìn-ín, ó parí. Ṣùgbọ́n gbogbo ìlú ló máa ka tèmi. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mi ò mọ̀ bóyá òkú ìyá ló máa fa Akọ̀wé wálé, tàbí òun gan-an ló máa lé e lọ pátápátá. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá ti kú lè sọ pé kò sẹ́ni tí òun ń lọ bá nílé mọ́.

Ìyá àgbà kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n á jókòó ti irú wọn, wọ́n á máa wo ọwọ́ mi lórí kọ̀ǹpútà. Bàbá mi náà ń ṣọ́ mi láti ojú fèrèsé. Àárín àwọn méjèèjì ni mo wà. Ìbéèrè yẹn sì tún jáde: ìsìnkú Ìyá Onírú Inísà. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé ọ̀rọ̀ náà á sú ẹni tó ń béèrè, á sì jáwọ́, a ò sì ní mọ ibi tí a ó ti wá a mọ́ láyé.

Ẹ̀kọ́ obìnrin orí íńtánẹ́ẹ̀tì yẹn ló yọ mí. Ó ní kí n fi ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ ṣe àkọlé. Kò ní kí n purọ́ lábẹ́ rẹ̀. Mo kọ ọ̀rọ̀ ẹni náà gẹ́lẹ́ sókè: Ìsìnkú Ìyá Onírú Inísà. Lábẹ́ rẹ̀ mo kọ ọ́ pé kò tíì sí ìsìnkú kankan, pé Ìyá Onírú wà láàyè, wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ ìbínú ni ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Mo fi ohùn wọn parí rẹ̀: “Máa bọ̀ nílé, ọmọ mi.” Mo kà á sí ìyá àgbà létí. Wọ́n ronú títí. Wọ́n ní, “Fi ìyàwó ẹ̀ kún un.” Mo fi kún un, mo kọ nọ́ńbà fóònù mi sí ìsàlẹ̀, mo sì gbé e síta. Nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó kọ nǹkan kan nípa Ìyá Onírú ti Inísà, kò pẹ́ tí tèmi fi wà lókè pátápátá. Ẹnìkan ṣí i láti Àbíjáànì. Ó tún ṣí i. Lẹ́yìn náà, ìbéèrè náà kò jáde mọ́.

Ohùn kan ló wọlé sórí fóònù mi nígbà tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rètí nù. Ohùn ọmọbìnrin ni, ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó kọ́ ọ lẹ́nu òbí nìkan. Ó ní òun ni ọmọ Akọ̀wé, òun ni òun ń wá ìyá bàbá òun. Ó ní bàbá òun ti kú. Kó tó kú, ó ní kí ọmọ òun wádìí bóyá Ìyá Onírú ṣì wà. Bí ìyá bá ti kú, kí ó sọ fún ará ilé pé òun náà ti lọ. Bí ìyá bá ṣì wà láàyè, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́ ikú òun láéláé. Ó wá ní, “Ẹ̀yin tí ẹ kọ ọ́, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi pa á mọ́? Mo fẹ́ wá rí wọn.”

Gbogbo wa ló ti gbà pé Akọ̀wé ló ń béèrè, torí ta ni yóò tún mọ Ìyá Onírú ní Àbíjáànì? A gbàgbé pé ẹni tó bínú sí ìyá rẹ̀ náà máa ń sọ ìtàn ìyá rẹ̀ fún ọmọ. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, wọ́n lọ sẹ́yìn ilé, wọ́n sì sunkún bí ọmọdé. Mi ò rí irú rẹ̀ rí. Nígbà tí wọ́n padà, wọ́n ti fọ ojú wọn, wọ́n ní kí n pè é kó máa bọ̀. Nílẹ̀ wa, a kì í túfọ̀ ọmọ fún ìyá arúgbó. Iṣẹ́ ni a ó sọ pé ó dá Akọ̀wé dúró.

Èmi ni mo lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Ìkìrun. Nínú ọkọ̀ tó gbé wa wá sí Inísà, mo kọ́ ọ ní irọ́ náà, ó sì ń mi orí. Ìyá àgbà ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ ìsìn wọn, wọ́n jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Wọ́n di ojú ọmọ náà mú, wọ́n ń fọwọ́ tọ́ imú rẹ̀ àti iwájú orí rẹ̀.

“Ìyá ẹ ńkọ́?”

“Wọ́n wà, mà. Wọ́n ní kí n kí yín.”

“Ṣé ó ṣì ń sọ pé irú mi níyanrìn?”

A rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

“Bàbá ẹ ńkọ́?”

Ọmọ náà la ẹnu, ṣùgbọ́n bàbá mi ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu. “Ó wà, màmá. Iṣẹ́ ni. Ó ń bọ̀.”

Ìyá àgbà tẹjú mọ́ bàbá mi títí bàbá mi fi wo ilẹ̀. Wọ́n wá yíjú sí mi. “Ohun tí o kọ síbẹ̀ yẹn, yọ ọ́ kúrò. Ẹni tí mo ní kó kà á ò ní kà á mọ́.”

Ọmọ náà ló kúnlẹ̀ níwájú wọn. “Èmi kà á, mà. Ẹ ní kí n máa bọ̀ nílé.”

Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí. Ó pẹ́ kí wọ́n tó béèrè bóyá ó ti jẹun. Wọn ò tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ pé kí n yọ nǹkan kan kúrò.

Iṣẹ́ yìí ni mo fi ń jẹun báyìí. Àwọn oníṣòwò Ìkìrun àti Òṣogbo máa ń gbé ìkànnì wọn fún mi kí n bá wọn pe èrò, mo sì ń ṣe é dáadáa. Bí mo bá rí ọ̀rọ̀ tí ẹnìkan tẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, mi kì í yára sọ mọ́ pé mo mọ ẹni náà tàbí ohun tó ń fẹ́. Ọmọ Akọ̀wé máa ń wá bá wa lo ìsinmi, ó ti mọ irú ṣe, ó sì máa ń bá ìyá àgbà jiyàn lé e lórí. Ìyá àgbà ṣì wà láàyè. Ẹsẹ̀ wọn ti wúwo, ẹnu wọn ò wúwo. Wọ́n ń dárúkọ gbogbo wa nínú àdúrà àárọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti wọlé, wọn ò béèrè Akọ̀wé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. A ò sì tíì sọ fún wọn.