Fláàṣì Méjì ní Zoo Road

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní Àbújá ló ra aago náà fún mi. Aago eléré ìje ni, irú èyí tó máa ń bá sátẹ́láìtì ṣiṣẹ́ kó lè mọ ibi tí èèyàn wà àti bó ṣe ń sáré tó. Bí mo bá sáré tán, yóò fi ìlà pupa tín-ín-rín ya ọ̀nà tí mo gbà sórí máàpù inú fóònù mi.

Ìlà tèmi kì í lọ síbì kankan. Láti ilé wa lẹ́yìn Ibo Road, yóò gba iwájú ṣọ́ọ̀ṣì, yóò yí òtẹ́ẹ̀lì kékeré kan ká, yóò padà sẹ́nu ọ̀nà wa, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ máa rí wíńdò àwọn ọmọ mi ní gbogbo ìgbà tí mo bá kọjá. Ọmọbìnrin méjì ni mo ní, bàbá wọn kì í sì í pẹ́ nílé nítorí ọjà tó ń kó láti Èkó. Ẹni tó bá dàgbà bíi tèmi sí Sabon Gari, àdúgbò àwa àlejò nílẹ̀ Hausa, mọ bí ìlú tó jí dáadáa ṣe lè ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n nítorí rògbòdìyàn. Mi ò sọ èyí fún àwọn ọmọ. Mo kàn ń sáré yí wọn ká ni.

Àwa eléré ìje àdúgbò máa ń pàdé láàárọ̀ Sátidé. Kóòṣì wa, wẹ́dà kan tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, máa ń wo máàpù wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó rí tèmi, ó pe àwọn tó kù.

"Ẹ wá wo Màmá. Ẹyẹ ẹ̀ga ló ń hun ìtẹ́ níbí."

"Ìtẹ́ náà ò tíì tán," ni mo fèsì.

"Tó bá tán, ẹ̀yin máa jókòó lé ẹyin ni, ẹ ò ní sáré mọ́."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo tún wo ìlà náà, ó sì dùn mí. Nígbà tí ẹgbẹ́ kéde eré kìlómítà mẹ́wàá, láti ẹ̀gbẹ́ Fagge títí kọjá Zoo Road, mo ní mo máa lọ. Mo fẹ́ kí aago náà ya ìlà kan ṣoṣo fún mi tí yóò lọ tààrà, tí kò ní ṣẹ́rí padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo fi àwọn ọmọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tó ń gbé yàrá tó dojú kọ tiwa. Mo fún èyí ẹ̀gbọ́n ní fóònù kan, mo ṣí ojú ìwé tí yóò ti máa rí mi bí àmì róbótó kékeré tó ń rìn lórí máàpù. Lẹ́yìn náà, mo ní kó ka òfin wa sí mi létí. Fláàṣì la máa ń lò nílé wa: wọn á pè mí, wọn á sì gé e kí n tó gbé e.

"Fláàṣì kan ńkọ́?"

"Kò sí wàhálà, ẹ máa pè wá tẹ́ ẹ bá ráyè."

"Méjì?"

"Kẹ́ ẹ máa bọ̀ nílé kíá. Mo ti mọ̀ ọ́n, Mọ́mì, wallahi."

"Ta ló ní kó o búra?"

Mi ò sáré bẹ́ẹ̀ rí. Bí kìlómítà kan bá ti pé, aago á gbọ̀n díẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ mi. Nígbà tí a wọ Zoo Road, méje ti pé. Obìnrin kan tó ń dín kosai, àkàrà àwọn Hausa, na ṣíbí rẹ̀ sókè, ó kí mi kú ìsapá: "Sannu da ƙoƙari." Mo dá a lóhùn, èémí mi ò sì já. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mi ò ti rántí wíńdò kankan.

Aago náà gbọ̀n. Kì í ṣe kìlómítà. Nọ́ńbà ilé ló yọ lójú rẹ̀, ó sì lọ. Fláàṣì kan. Mo ń sáré lọ. Kí n tó dé òpó iná tó wà níwájú, ó tún gbọ̀n.

Mo dúró. Mo yọ fóònù, mo pè wọ́n, kò wọlé. Mo tún pè, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò gbà. Kóòṣì bá mi níbẹ̀.

"Màmá, kí ló dé? Kìlómítà mẹ́ta péré ló kù."

"Wọ́n fláàṣì mi lẹ́ẹ̀mejì."

Ó wo ojú mi, kò ṣàwàdà. Òun fúnra rẹ̀ ló dá kẹ̀kẹ́ NAPEP dúró fún mi.

Ẹnu ọ̀nà ni mo bá àwọn méjèèjì, wọ́n ń jẹ búrẹ́dì, wọ́n forí kan ara wọn lórí fóònù. Ìyá àgbà náà ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀.

"Ta ló fláàṣì?"

"Èmi ni," ni èyí ẹ̀gbọ́n wí. "Mo fẹ́ kí yín ni. Ẹ ti dé Zoo Road."

"Èmi náà," ni àbúrò rẹ̀ wí. Ó ti já fóònù gbà, kí n má bàa rò pé ẹ̀gbọ́n òun nìkan ló kí mi.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ṣe é. Òfin mi ò sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ọmọ méjì bá fi ayọ̀ ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Mọ́mì, don me kika dawo?" Èyí àbúrò ń bi mí ìdí tí mo fi padà. Wọ́n ti rí i tí àmì náà dúró ní Zoo Road, tó yíjú, tó sì ń bọ̀ nílé. Ó ní àwọn fi ìka tì í síwájú títí lórí gíláàsì fóònù, kò lọ.

Mi ò bá wọn wí. Mo jókòó tì wọ́n. Ìgbà yẹn ni aago tún gbọ̀n, mo sì rántí pé mi ò pa á. Ó ti ka kẹ̀kẹ́ NAPEP mọ́ eré mi. Ó ń kí mi kú oríire: mi ò tíì sáré kìlómítà kan kíákíá tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ọdún mélòó kan ti kọjá báyìí. Kóòṣì ti kó lọ sí Àbújá, ẹgbẹ́ ti tú ká, orúnkún mi ò sì gba ọ̀nà jíjìn mọ́. Èyí ẹ̀gbọ́n ti wà nílé ìwé ní Zaria. Mo ṣì ń yí ilé ká láàárọ̀, nítorí ọmọ kan tó kù.

"Mọ́mì, kí n pa eré kẹ̀kẹ́ yẹn rẹ́?" ló bi mí lọ́jọ́ kan. "Ó ń fi yín ṣẹ̀sín."

Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ìlà náà jáde láti Fagge, ó lọ tààrà, ó ta kókó kékeré kan níbi tí mo dúró sí, ó sì padà. Nígbà mìíràn, mo máa ń fi ìka méjì fẹ máàpù náà lójú, màá wo ọ̀nà tó kù níwájú kókó yẹn, níbi tí aago ò ya nǹkan kan sí.