Ìkọ́kọrẹ́ Nọ́ọ̀sì

Èmi ni mo jẹ oúnjẹ náà, tí mo sì dákẹ́. Bí òórùn ìkọ́kọrẹ́ ẹlẹ́ja yíyan bá ti gba fèrèsé wọlé báyìí, ojú ló máa ń tì mí.

Ọmọdé ni mí nígbà náà, ẹsẹ̀ mi kán, wọ́n sì fi okùn gbé e kọ́ sókè ní ọsibítù, mi ò lè yí, mi ò lè dìde. Nọ́ọ̀sì gbé abọ́ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, níbi tọ́wọ́ mi tó, ó fẹ́ jẹun ni wọ́n sáré pè é sí aláboyún kan. Mo ní kí n kàn tọ́ ọ wò ni, àfi ìgbà tí mo rí ìdí abọ́.

Nígbà tó padà dé, Ìyá Súlé tó ń nulẹ̀ ló kọjú sí.

"Ìyá Súlé, ẹ ò tiẹ̀ ṣẹ́ ẹja kù fún mi!"

"Èmi kẹ̀? Àǹtí Nọ́ọ̀sì, mo gbààwẹ̀ o!"

"Ààwẹ̀ oníkọ́kọrẹ́!" ni nọ́ọ̀sì kejì wí, gbogbo wọ́ọ̀dù sì bú sẹ́rìn-ín.

Mo fa aṣọ bo ẹnu mi tó kún fún epo. Ǹ bá sá, ṣùgbọ́n okùn kò gbà. Ìyá Súlé wò mí títí, ó gbé korobá rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ.

Bisikíìtì àti míńírà ni nọ́ọ̀sì fi panu. Mo ti wá mọ̀ pé iṣẹ́ há òun náà mọ́bẹ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì ni, kò sì sí oúnjẹ gidi tí wọ́n ń tà nínú ọgbà yẹn.

Ìyá Súlé ṣì wà l'Ókè-Àgbò, ládùúgbò wa, ó ṣì máa ń béèrè ẹsẹ̀ mi. Mi ò tíì sọ ọ́ lójú ẹnikẹ́ni pé ààwẹ̀ rẹ̀ pé lọ́jọ́ náà.